Láti Abúlé Adó dé Abidjan: Ìrìn Àjò Tọkọtaya Ẹgbẹ́ Wa ní 2024

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí a mú ìtàn kan wá láti inú ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa, ìtàn Abidjan ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ọ̀kan nínú wa àti ìyàwó rẹ̀ ló lọ ìrìn àjò náà ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024. A kò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ìyàwó wa sì ti kìlọ̀ fún wa.

Ọkọ fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ivory Coast ló gbàlejò ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, Super Eagles sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lu Cameroon 2–0. Ìyàwó ń ta àǹkárá, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ọjà Abidjan, níbi tí ilé iṣẹ́ Uniwax ti ń tẹ̀ ẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn méjèèjì kò tíì jọ jáde ní Nàìjíríà rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

Ojú ọ̀nà Badagry tó gba ẹ̀gbẹ́ àdúgbò wa kọjá yìí ni wọ́n gbà. Ẹnubodè mẹ́rin ni: Sẹ̀mẹ̀ sí Benin, Hillacondji sí Togo, Aflao sí Ghana, Elubo sí Ivory Coast. Ó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ọ̀nà náà rí mọ̀ pé a kì í ka kìlómítà níbẹ̀, iye ibi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró ni a ń kà.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun fún Yorùbá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òní, ti ń lọ ṣòwò ní Ivory Coast, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Ànàgó. Títí dòní, bọ́ọ̀sì ń gbéra ní Èjìgbò lọ tààrà sí Abidjan, ẹ sì lè gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọdé ní Èjìgbò ju ti Èkó lọ. Yorùbá pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ghana náà, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde. Ọ̀pọ̀ fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n sì fi owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Ẹ fi gbèsè yẹn sọ́kàn, a ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Wọ́n wo Angola ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, Lookman ló gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo náà sáwọ̀n. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Bouaké, wọ́n yà ní Yamoussoukro láti wo ṣọ́ọ̀ṣì ràgàjì tí Ààrẹ Houphouët-Boigny kọ́ sí ìlú rẹ̀, tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní 1990. Ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ní òun wo òkè títí ọrùn fi ń dun òun. Ní Bouaké, a bá South Africa ta ọ̀mì 1–1, a sì fi pẹnáritì 4–2 borí. Ní ọjọ́ kọkànlá ni àṣekágbá ní Abidjan. Troost-Ekong kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé, Kessié dá a padà, Haller sì gbá èkejì. Abidjan yìí náà ni Cameroon ti lù wá 3–1 ní àṣekágbá 1984. Ìyàwó wa ní ọkọ òun kò fẹnu kan oúnjẹ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ló le jù. Díẹ̀ nínú owó wọn ni wọ́n pààrọ̀ sí sẹ́fà kí wọ́n tó lọ, ìyókù wà ní náírà ní báńkì. Ní ìparí oṣù kìíní, dọ́là fò ní ọjà ìjọba láti nǹkan bí 900 náírà kọjá 1,400. Àwa oníbáńkì inú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n mú sùúrù, pé yóò rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Sẹ́fà so mọ́ euro, 655.957 sí euro kan, torí náà bí náírà ṣe ń já níwájú dọ́là ló ń já níwájú sẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àṣekágbá, tí wọ́n ti di aṣọ tán, owó wọn kò lè san ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ.

Màmá kan, ọmọ Èjìgbò, ló ni aṣọ náà, ní Treichville. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kúrò ní Ghana ní 1969 láìrí gbèsè rẹ̀ gbà. Ó wo ìyàwó wa, ó ní, “Ọmọ mi, ta ni mo mọ̀ mọ́ ọ?” Ìyàwó wa fi fọ́tò ẹgbẹ́ hàn án lórí fóònù, gbogbo wa nínú aṣọ kan náà. Màmá ń tọ́ka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ìlú baba oníkálukú, títí ó fi kan ọmọ Èjìgbò kan láàárín wa. Wọ́n pè é lójú ẹsẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni màmá fi bá a sọ̀rọ̀, agboolé àti àwọn àgbà ilé ni wọ́n ń sọ, kò kan owó rárá. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé aṣọ wọn, kí wọ́n san ìyókù kí Iléyá tó dé.

Ìpàdé oṣù kẹta gbóná. Àwọn kan ní àpò ẹgbẹ́ kì í ṣe ti òwò tọkọtaya, wọn kò sì jayò pa. Níkẹyìn, a kò fọwọ́ kan àpò náà, àwa fúnra wa la dá owó jọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó. Àwa oníbáńkì ló kọ́kọ́ yọwó, ojú ń tì wá. Owó màmá pé ní oṣù karùn-ún, tọkọtaya náà sì ti dá tiwa padà.

Ọwọ́ màmá náà ni a ti ra aṣọ tí a wọ̀ lónìí. A fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i, ó sì ní òun yóò bá bọ́ọ̀sì Èjìgbò wá. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó tètè kọjá ní Sẹ̀mẹ̀, àga rẹ̀ wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó wa.