Àwọn Tí Ó Gbé Irin ní Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́"; ó ní, "Òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀." Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti mọ òwe yìí láti kékeré, tí a sì ń fi í gba ẹlòmíràn níyànjú pé kí ó wá ìdí ọ̀ràn kí ó tó dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nípa amúkùn-ún náà fúnra rẹ̀. Ẹrù wo ni ó rù? Báwo ni ẹrù náà ti wúwo tó? Ta ni nínú àwọn tí ó dúró ṣánṣán lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń pe àkíyèsí rẹ̀ sí i pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ni ó lè ru ìdajì rẹ̀? Ní ọdún 2012, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù lójú gbogbo ayé. Ìtàn wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín.

Kí a tó dé orí tiwọn, ó yẹ kí a mọ bí ìdíje tí wọ́n lọ ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn kan wà tí ń jẹ́ Ludwig Guttmann. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, Júù sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba Hitler ń pọ́n àwọn Júù lójú, ó sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1939. Ní ọdún 1944, a fi í ṣe olórí ẹ̀ka kan ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí eegun ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́ lójú ìjà. Láyé ìgbà náà, ẹni tí irú ìpalára bẹ́ẹ̀ bá bá, orí ibùsùn ni a ó tẹ́ ẹ sí títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Guttmann kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n dìde jókòó, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948, ọjọ́ náà gan-an tí a ṣí ìdíje Olíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kó ènìyàn 16 jọ, ọkùnrin 14 àti obìnrin 2, wọ́n sì jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n ń fi ọfà títa díje. Ìdíje kékeré yìí ni ó dàgbà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1960, nǹkan bí 400 ènìyàn láti orílẹ̀-èdè 23 ni ó péjọ sí ìlú Róòmù. Òun náà ni a ń pè ní Paralíńpíìkì lónìí.

Ọdún 1992 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ yọjú sí i, ní ìlú Bàsẹlónà ní ilẹ̀ Sípéènì. Níbẹ̀ ni Ajibola Adeoye, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò pé, ti sá eré ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 10.72, tí ó gba wúrà, tí ó sì tún gba ti igba mítà mọ́ ọn. Láti ìgbà náà wá, kò tíì sí ìdíje Paralíńpíìkì kan tí Nàìjíríà lọ tí ó ti padà wá sílé lọ́wọ́ òfo.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù keje ọdún 2012, Nàìjíríà kó àwọn eléré rẹ̀ tí ara wọn pé lọ sí ìdíje Olíńpíìkì. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá nílẹ̀ wà nínú wọn, àwọn tí apá wọn le wà nínú wọn, ìrètí gbogbo ìlú sì wà lọ́rùn wọn. Ìdíje náà parí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ. Wọn kò gba wúrà, wọn kò gba fàdákà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba idẹ. A kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí ẹni tí ó bá díje tí kò borí ṣì sàn ju ẹni tí ó jókòó sílé tí ń ṣe àríwísí lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn ti rí nìyẹn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ náà, nínú ìlú kan náà, ìdíje kejì bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà sì tún rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí ìyá ọlọ́jà ń ṣíjú kúrò lára wọn ní ìkóríta, tí awakọ̀ kì í fẹ́ dúró gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú láti ìgbà èwe, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì lè gbé wọn. Gbígbé irin ni iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn bá lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí a ti ń gbé irin náà, kí ẹ lè mọ iyì ohun tí wọ́n ṣe. Eléré yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pẹpẹ, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a sì lè fi ọ̀já dè wọ́n mọ́ pẹpẹ náà. Yóò na apá méjèèjì gba ọ̀pá irin, yóò sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan àyà rẹ̀, yóò dúró jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó tì í sókè ní ọ̀gbọọgba. Bí apá kan bá ṣíwájú èkejì, asán ni. Bí kò bá dúró jẹ́ẹ́ ní àyà, asán ni. Adájọ́ mẹ́ta ni ó ń wò ó, olúkúlùkù pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ funfun fún ẹni tí ó ṣe é re, àti pupa fún ẹni tí ó kùnà. Kò sí ẹsẹ̀ tí yóò ran apá lọ́wọ́. Apá, àyà àti ọkàn nìkan ni.

Yakubu Adesokan wà ní ìsọ̀rí àwọn ọkùnrin tí ara wọn kò ju kìlógíráàmù 48 lọ. Ẹyọ àpò sìmẹ́ńtì kan, bí a ti ń tà á ní ọjà wa, kìlógíráàmù 50 ni. Èyí ni pé ọkùnrin náà kò tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Irin tí ó gbé jẹ́ 180, ó ju àpò mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀ tí ó tíì gbé irú rẹ̀ rí ní gbogbo ayé ṣáájú ọjọ́ náà. Joy Onaolapo, obìnrin tí ara tirẹ̀ kò ju 52 lọ, gbé 131, ó sì gba wúrà. Grace Anozie náà gba wúrà ní ìsọ̀rí àwọn obìnrin tí ó sanra jù lọ. Nígbà tí a ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, wúrà jẹ́ 6, fàdákà jẹ́ 5, idẹ jẹ́ 2. Àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 13. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn náà tún rí ní ìlú Rio ní ọdún 2016: idẹ kan ṣoṣo ni àwọn tí ara wọn pé mú wálé, láti inú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, àwọn abirùn mú 12 wálé, 8 nínú rẹ̀ sì jẹ́ wúrà.

Kí ni a rí kọ́ nínú èyí? Èkíní ni pé agbára kì í já bọ́ láti ọ̀run ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje. Ẹ wo Lucy Ejike. Ó gba fàdákà ní Sydney ní ọdún 2000. Kò jókòó ti fàdákà náà. Ó gba wúrà ní Áténì ní ọdún 2004, àti ní Beijing ní ọdún 2008. Ní Lọ́ńdọ̀nù, fàdákà ni ó tún bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ì bá wí pé ìgbà òun ti kọjá. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Rio, ó gbé 142, ó tún gba wúrà, kò sì sí obìnrin ìsọ̀rí rẹ̀ tí ó ti gbé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìdíje Tókíò tí a ṣe ní ọdún 2021 tún fún un ní idẹ. Ìdíje mẹ́fà, àmì-ẹ̀yẹ mẹ́fà, láàárín ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé sílẹ̀ nítorí pé ẹ kùnà nínú ìdánwò kan, ẹ rò ó wò.

Èkejì wúwo ju èkíní lọ, òun sì ni a máa ń tètè gbàgbé. Nígbà tí wúrà bá dé, gbogbo wa ni a ń pàtẹ́wọ́, a ó sì wí pé, "Abirùn náà lè wúlò!" Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹni tí kò lè gbé irin kò wúlò ni? Joy Onaolapo kú ní ọdún 2013, kò tíì pé ọdún kan gééré tí ó gba wúrà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù rárá, ṣé ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn ì bá dín kù? Àwọn baba wa tí wọ́n ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà kò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó lè ṣe. Wọ́n wí pé Ọbàtálá ni ó mọ ọ́n, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Arọ kò gbọ́dọ̀ gbé 180 kí a tó ṣe ọ̀nà fún un láti wọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bùn ẹni tí ó borí.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti wí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn léèwọ̀. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, kí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Lọ́la, nígbà tí ẹ bá dé ilé ìwé yín, ẹ ka àtẹ̀gùn tí ó wà láti ojúde dé kíláàsì yín. Ẹ wo bóyá ibì kan wà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ẹ wo ilé ìfowópamọ́, ilé ẹjọ́, ilé ìwòsàn àti ilé àdúrà ìlú yín. Ohun tí ẹ bá rí ni yóò sọ fún yín bóyá àtẹ́wọ́ tí a pa ní ọdún 2012 ti ọkàn wá, tàbí ariwo lásán ni.

Ohun tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe kò kéré. Ẹ má ṣe fi orúkọ àrùn pe ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe sín ẹni tí ń tiro jẹ. Bí ẹ bá ń yan ẹgbẹ́ eré, ẹ má ṣe fi ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé sílẹ̀ láti máa ṣọ́ aṣọ yín. Bí ẹ bá sì di ayàwòrán ilé, aṣòfin, ọ̀gá ilé ìwé tàbí awakọ̀ lọ́jọ́ ọ̀la, ẹ rántí pé ìsàlẹ̀ ni amúkùn-ún ní kí a wò. Ìsàlẹ̀ náà kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọwọ́ wa ni títún un ṣe sì wà.