Gègé àti Ẹ̀rí ní Monrovia

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola ń jà rànyìn ní Monrovia, wọ́n fún òṣìṣẹ́ ìlera mẹ́ta ní ZMapp, oògùn tí wọ́n fi èròjà agbóguntàrùn mẹ́ta pò pọ̀. Dókítà Abraham Borbor kú. Àwọn méjì yòókù yè. Ṣé oògùn ló gbà wọ́n? Kò sẹ́ni tó lè sọ.

Nínú ìwádìí tí Làìbéríà àti Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tó dé Sierra Leone àti Guinea, wọ́n ṣẹ́ gègé: apá kan gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ nìkan, apá kejì gba ZMapp mọ́ ọn. Nínú aláìsàn 35 ti apá kìn-ín-ní, 13 kú. Nínú 36 ti apá kejì, 8 kú. Àjàkálẹ̀ àrùn náà rọlẹ̀ kí ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀.

Síbẹ̀, ZMapp ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n fún oògùn mẹ́ta mìíràn ní Congo. Ní 2019, méjì nínú wọn borí rẹ̀. Gègé tó jọ ìwà ìkà ni ó la ọ̀nà náà.