Ìmọ́lẹ̀ àti Atẹ́gùn Nínú Ilé Àwọn Baba Wa

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti ní ìdálẹ̀, ilé alámọ̀ àtijọ́ ni a fẹ́ kí a jọ wò lọ́dún yìí, nítorí à ń wó o lulẹ̀ láìbéèrè ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀.

Agbo ilé àtijọ́ yí àgbàlá ká. Láti inú àgbàlá tí ó ṣí sí ojú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ibẹ̀ náà ni ooru ń gbà jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú àwọn yàrá, òrùlé sì gùn bò ó, tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán kì í fi í kan ògiri. Ògiri amọ̀ nípọn. Kí ooru tó là á já, ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ará Ọ̀yọ́ a máa fi koríko bẹẹrẹ bo ilé, àwọn ará igbó a sì máa lo ewé gbòdògì. A kò ní pọ́n ọn ju bí ó ti yẹ lọ: yàrá inú ṣókùnkùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ di irun tàbí kí ó ran òwú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń bọ̀.

Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì àti Kúbà padà sí Èkó, láti nǹkan bí ọdún 1835 síwájú, ni wọ́n mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onífèrèsé gíga wá. Ìmọ́lẹ̀ sì dé yàrá.

Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, tọkọtaya Òyìnbó, Maxwell Fry àti Jane Drew, ya àwòrán ilé gígùn tóóró, tí atẹ́gùn ń gba ìhà kan wọlé, tí ó ń gba ìhà kejì jáde. Wọ́n fi kọ́ńkéré oníhò dí ojú oòrùn láìdí ojú ìmọ́lẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Yunifásítì Ifẹ̀ kó wá ní 1967, Arieh Sharon ará Ísírẹ́lì ya ilé tí òkè rẹ̀ yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, kí òkè lè ṣíji bo ìsàlẹ̀. Kí ni èyí bí kò ṣe iṣẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn baba wa?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ kí a fi kọ́lé fún ìyá àti bàbá yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ilé onídíńgí tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kò ṣeé gbé láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Bí iná bá lọ, ilé a di ààrò, owó epo jẹnẹrétọ̀ a sì di ẹrù lọ́rùn àwọn arúgbó. Ẹ jẹ́ kí ògiri gígùn ilé yín kọjú sí àríwá àti gúúsù. Kí fèrèsé dojú kọ fèrèsé. Kí òrùlé yọ síta dáadáa. Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún àgbàlá. Ìwọ̀nyí kò ná ni ní owó epo lóṣooṣù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ogún nù kí a tó mọ iye rẹ̀. Kí ilé tí a bá kọ́ tu àwọn òbí wa lára. Àmín.