Kí ló dé tí √2 kò fi lè jẹ́ ìdá?

Ẹ jẹ́ ká mú pátákó kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, tí igun rẹ̀ sì gún régé. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, mítà mélòó la máa rí? Àwọn ọmọ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì á ní 1,414, torí ẹ̀rọ ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 1,414 × 1,414 jẹ́ 1,999396, kò pé 2.

Ìdáhùn tòótọ́ ni √2, racine carrée 2. Kò sí ìdá kankan tó bá a dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní irrationnel. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ti mọ ẹ̀rí rẹ̀. Aristote, tó kú ní 322 ṣáájú Jésù, mẹ́nu bà á. Bó ṣe lọ nìyí:

1. Ká ní √2 = p/q, odidi nọ́ńbà méjì, tí a ti dín ìdá náà kù títí tí kò sí nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó lè pín méjèèjì láìṣẹ́kù.

2. Nígbà náà, p² = 2q². Nítorí náà p² jẹ́ pair: ó ṣeé pín sí méjì dọ́gba.

3. p náà gbọ́dọ̀ jẹ́ pair, torí impair lọ́nà ara rẹ̀, impair ló ń bí: (2k + 1)² = 2(2k² + 2k) + 1.

4. Ẹ jẹ́ ká kọ p = 2c. 4c² = 2q², ìyẹn q² = 2c². q náà di pair.

5. Ó wá di pé 2 pín p àti q, bẹ́ẹ̀ a ti ní kò sí ohun tó pín wọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jọ jẹ́ òtítọ́. √2 kì í ṣe ìdá.

Ìlà 1 àti 3 làwọn ọmọ sábà máa ń fò. Láìsí wọn, ẹ̀rí ò dúró.

3 + √2 ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìdá, ká yọ 3 kúrò, √2 á di ìdá, èyí tí kò ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: √2 × √8 = √16 = 4. Irrationnel méjì lè bí odidi nọ́ńbà.

Fún káfíńtà, 1,414 ti tó fún pátákó yẹn: ohun tó fi dín kò tó mìlímítà kan. Lórí ìwé ìdánwò, bí wọn ò bá béèrè iye tó sún mọ́ ọn, kí ọmọ fi √2 sílẹ̀ bó ṣe wà.