Títẹ̀lé Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Òkèèrè Lórí Ayélujára

Títẹ̀lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òkèèrè lórí ayélujára ni kí ènìyàn máa wo eré, kí ó máa ka èsì, kí ó sì máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí ẹgbẹ́ tí pápá rẹ̀ wà ní ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé. Láàárín àwọn Yorùbá, ó pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ti ẹni tó wà ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Òṣogbo, tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Arsenal, Chelsea tàbí Manchester United. Èkejì ni ti ẹni tó ti ṣí lọ sí London tàbí Houston, tí Super Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àti Shooting Stars ti Ìbàdàn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àwọn méjèèjì jìnnà sí pápá, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn ń rí kò dọ́gba. Ẹni tó ra ẹ̀tọ́ láti gbé eré sáfẹ́fẹ́ ló ń pinnu ìyẹn ju bí ilẹ̀ ṣe jìn tó lọ.

Kí ayélujára tó dé, etí ni wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ernest Okonkwo, tó di olóògbé ní 1990, máa ń ròyìn eré lórí rédíò débi pé ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ á mọ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí onítọ̀hún kọjú sí. Ẹni tó bá ń wá èsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a dúró ti BBC World Service ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Premier League bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wọ inú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilé. Celestine Babayaro lọ sí Chelsea ní 1997, Nwankwo Kanu dé Arsenal ní 1999, Jay-Jay Okocha dé Bolton ní 2002, Mikel Obi náà sì dé Chelsea ní 2006. Bí a bá tú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ Arsenal lónìí wò, Kanu ni bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn tẹ̀lé débẹ̀. Kanu kúrò ní 2004. Ìfẹ́ náà kò bá a lọ.

Àwo sátẹ́láìtì ló kọ́kọ́ gbé àwòrán wọlé. Owó díkódà kò rọrùn fún gbogbo ilé, nítorí náà ilé ìwòran bọ́ọ̀lù gbilẹ̀ ní gbogbo àdúgbò: páànù lókè, bẹ́ǹṣì gígùn nísàlẹ̀, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta níwájú, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, àti pátákó lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ eré ọjọ́ náà sí. Ní 2007, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HiTV gba ẹ̀tọ́ Premier League ní Nàìjíríà mọ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ DStv lọ́wọ́, ẹni tó ti ra díkódà kan sì ní láti lọ ra òmíràn. Ní 2010, ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ HiTV, díkódà tuntun sì di ẹrù lásán nínú yàrá. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ mọ̀ pé ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nínú ọ́fíìsì kan lè mú ẹgbẹ́ wọn kúrò níwájú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Kí fídíò tó ṣeé wò lórí rẹ̀, òǹkà ni wọ́n fi ń tẹ̀lé eré. Ẹni tó wà nínú mọ́tò tàbí lẹ́nu iṣẹ́ a ṣí LiveScore, ìkànnì èsì eré, pẹ̀lú aṣàwákiri Opera Mini lórí fóònù kékeré, a sì máa tún un ṣí títí 0–0 yóò fi di 1–0. Ọ̀nà yìí kò tíì kú. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń fà. Fídíò eré kan tó mọ́ kedere lè jẹ gígábáìtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi dátà wọn pamọ́ de eré ńlá, kí wọ́n sì fi òǹkà tẹ̀lé ìyókù.

Fídíò orí ayélujára kì í bá eré rìn pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí kámẹ́rà bá ti ya àwòrán, kọ̀ǹpútà á fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, á gé e sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ, á sì fi wọ́n ránṣẹ́ tẹ̀ léra. Fóònù tó ń gbà á náà á kó díẹ̀ jọ ná kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn, kí àwòrán má baà máa dúró. Nípa báyìí, ẹni tó ń wò ó lórí fóònù lè wà lẹ́yìn onídíkódà pẹ̀lú ìdajì ìṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí igbe "góòlù!" fi máa ń ti ilé kejì wá nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà láàárín pápá lójú fóònù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á pa gbogbo ìkìlọ̀ LiveScore àti WhatsApp kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìròyìn kúkurú máa ń yára ju àwòrán lọ.

Orílẹ̀-èdè tàbí agbègbè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ ìgbésáfẹ́fẹ́ fún. Ilé iṣẹ́ tó rà á fún Nàìjíríà kò gbọdọ̀ fi eré náà han ẹni tó wà ní Kánádà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà ti sanwó rẹ̀ ní Èkó kí ó tó wọkọ̀ òfuurufú. Nọ́ńbà IP tí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń mọ ibi tó wà. VPN lè fi nọ́ńbà ilẹ̀ mìíràn bo tirẹ̀, àwọn kan sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń lòdì sí àdéhùn tí oníbàárà fọwọ́ sí. Ìkànnì ayédèrú náà wà lọ́pọ̀lọpọ̀, tó ń jí àwòrán eré gbé. Ìpolówó tí kò bójú mu àti kòkòrò tó ń ba fóònù jẹ́ ni wọ́n sábà fi ń gba owó wọn padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí ti yani lẹ́nu jù lọ ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ní tààràtà láàárín aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀sán Sátidé, kí àwọn ènìyàn má baà pa pápá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tì. Òfin náà kò dé òkè òkun. Bí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní aago mẹ́ta Sátidé, ẹni tó jókòó sí ilé ìwòran ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ń wò ó, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Peckham ní London, tí pápá Arsenal kò ju ìrìn bọ́ọ̀sì lọ sí i, kò lè rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Rédíò ló máa gbọ́, tàbí kí ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Aago náà ní ipa tirẹ̀. Nàìjíríà kì í yí aago padà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan náà ni Èkó àti London ń lò. Nígbà òtútù, aago mẹ́ta London di mẹ́rin l'Ékòó. Ní New York, eré yìí kan náà sábà máa ń bọ́ sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ní Los Angeles ó di méje. Ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ lè máa mu tíì àárọ̀ nígbà tí àwọn ará ilé ti ń ronú oúnjẹ alẹ́. NBC ló ń gbé Premier League sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà láti 2013, apá kan rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì Peacock láti 2020.

Àríyànjiyàn ni ìdajì adùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn ọmọ kíláàsì kan náà dá sílẹ̀ lè kó ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta, Manchester àti Atlanta jọ, yẹ̀yẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn. Nígbà tí ìjọba fòfin de Twitter ní Nàìjíríà, láti Okúdù 2021 di Ṣẹ́rẹ́ 2022, ìjíròrò yìí wà lára ohun tí àwọn èwe fi VPN wá kiri. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ẹ̀bìbí 2024, nígbà tí Ademola Lookman, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, nìkan jẹ góòlù mẹ́ta fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League ní Dublin, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tẹ̀lé ẹgbẹ́ Ítálì rí ló fi gbogbo alẹ́ wo àwọn góòlù náà ní àwòtúnwò. Orúkọ ẹnìkan ti tó láti so wọ́n mọ́ ẹgbẹ́ tuntun, gẹ́gẹ́ bí ti Kanu.

Ẹni tó wà lókè òkun tó ń wá Super Eagles máa ń rí wọn nígbà ìdíje ńlá. Àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé 2024, tí Côte d'Ivoire ti fi 2–1 borí Nàìjíríà, wà lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Shooting Stars le. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn yìí ló kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà wá sí Nàìjíríà ní 1976, ó sì gba CAF Cup àkọ́kọ́ ní 1992, síbẹ̀ ẹni tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ pápá Lekan Salami ní Adamásingba lè má rí eré rẹ̀ kankan láti London ní odindi sáà. SuperSport, ìkànnì eré ìdárayá orí DStv, gbé líìgì Nàìjíríà sáfẹ́fẹ́ títí di 2017. Láti ìgbà náà, àfihàn rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ohun tó kù ni èsì tí ẹgbẹ́ náà ń kọ sórí X (Twitter tẹ́lẹ̀), ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn tó ṣeé gbọ́ lórí ayélujára, àti ọ̀rẹ́ kan tó gbé fóònù sókè láàárín èrò, tí àwòrán rẹ̀ ń mì, tí ariwo ìlù àti orin àwọn alátìlẹ́yìn sì ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.