Àyè Láàrin Ẹ́ńjìnnì àti Sitiarín: Ìtàn Páìpù Èéfín Nínú Ìpààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́ ní Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń yọ ẹ́ńjìnnì kan kúrò nínú ọkọ̀ tí wọ́n sì ń fi òmíràn dípò rẹ̀, agbára ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òpó ìtàn náà. Ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára lé èyí tí kò lágbára jáde, ó parí. Àlàyé yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù, àyè ni olórí ọ̀rọ̀, kì í ṣe agbára. Ẹ́ńjìnnì lè wọlé tán, kí ó jókòó dáadáa lórí ṣásí, síbẹ̀ kí iṣẹ́ má lè parí nítorí pé páìpù tí yóò gbé èéfín jáde kò rí ibi gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìgbà tí a ṣe ìpààrọ̀ kan, irú ọwọ́ tí ó ṣe é, àti òfin tí ó wà lóde nígbà náà, páìpù èéfín ni kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò.

Mánífóòlù àti hẹ́dà

Inú sìlíńdà ni epo ti ń jó, ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnnì sì ni èéfín ń gbà jáde. Ohun tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ máa ń fi bo àwọn ihò wọ̀nyí ni mánífóòlù. Irin dídà wúwo ni, ó ń kó èéfín gbogbo sìlíńdà apá kan jọ sí ojú kan kí ó tó darí rẹ̀ sí páìpù ìsàlẹ̀ àti sàlẹ́ńsà. Kì í wọ́n láti ṣe, kì í tètè bàjẹ́, kì í sì í pariwo. Àléébù rẹ̀ ni pé èéfín sìlíńdà kan a máa kọlu ti èkejì nínú rẹ̀. Hẹ́dà yàtọ̀ sí èyí. Páìpù kọ̀ọ̀kan ni fún ihò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ àwọn páìpù náà, wọ́n jó wọn mọ́ àwo irin pẹlẹbẹ tí bóòtì ń dè mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo wọn pàdé ní oríta kan nísàlẹ̀. Bí gígùn wọn bá dọ́gba, èéfín tí ó sáré jáde láti inú ọ̀kan yóò máa fa ti èyí tí ó tẹ̀ lé e, sìlíńdà yóò sì ṣófo dáadáa kí afẹ́fẹ́ àti epo tuntun tó wọ inú rẹ̀.

Kì í ṣe orí Chevrolet ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1932 ni Ford gbé ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ jáde, èyí tí ó jẹ́ lítà 3.6, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 65. Owó tí mẹ̀kúnnù lè san ni wọ́n dá lé ọkọ̀ náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ gúúsù Kalifọ́níà fi ń ra irú ẹ́ńjìnnì yìí ní ọgbà àwọn tí ń tú ọkọ̀ àlòkù tà, tí wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sáré lórí ilẹ̀ adágún gbígbẹ ní Muroc. Ọdún 1937 ni ẹgbẹ́ wọn, Southern California Timing Association, bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà lára ẹ́ńjìnnì Ford yìí. Inú irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni èéfín ń gbà kọjá kí ó tó bọ́ síta, àwọn sìlíńdà méjì tí ó wà láàrin sì ń pín ihò kan ṣoṣo lò. Sìlíńdà mẹ́rin ní apá kan, ihò mẹ́ta! Ooru èéfín náà ń wọ inú omi ẹ́ńjìnnì, ìdí sì nìyí tí omi fi máa ń hó nínú rẹ̀. Kò sí hẹ́dà tí ó lè tú ohun tí Ford ti so pọ̀ nínú irin palẹ̀ tán. Nítorí náà, ó tọ́ kí a máa fi ìṣọ́ra gba ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà náà sọ nípa agbára tí hẹ́dà fi kún ọkọ̀ wọn. Apá kan nínú ìdùnnú wọn, ariwo rẹ̀ ni.

Ọkọ̀ Chevrolet ti ọdún 1947 sí 1955

Ní ọdún 1947 ni Chevrolet gbé píkọ́ọ̀pù tuntun jáde, tí wọ́n sọ ní Advance Design. Wọ́n ń ṣe é títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1955. Sìlíńdà mẹ́fà tí ó tò tẹ̀ léra wọn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde sì jẹ́ lítà 3.5. Ẹ́ńjìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, kò sì yára. Apá òsì nìkan ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tí èéfín sì ti ń jáde; mánífóòlù rẹ̀ wà lókè pátápátá. Nítorí pé ìsàlẹ̀ lápá òsì ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n gbé àpótí sitiarín sí lórí ṣásí, ọ̀pá sitiarín sì gba ibẹ̀ gòkè wọ inú ilé awakọ̀. Kí òǹkàwé rántí pé ọwọ́ òsì ni awakọ̀ Amẹ́ríkà ń jókòó sí. Àwọn tí ó bá mọ lọ́rì Bedford ti ilẹ̀ Nàìjíríà ṣáájú ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gba ọwọ́ òsì títì, yóò ní láti yí àwòrán náà padà lọ́kàn wọn.

Àwọn tí ó ṣètò ọkọ̀ yìí kò ṣe àṣìṣe kankan. Wọn kò mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò gbé ẹ́ńjìnnì oníríṣìí ìdúró sí ibẹ̀ ni.

Ẹ́ńjìnnì náà dé pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ọdún 1955. Ed Cole ni olórí àwọn ẹnjiníà Chevrolet nígbà náà. V8 tí wọ́n ṣe jẹ́ lítà 4.3, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 265 pè. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń mú agbára ẹṣin 162 wá. Ní oṣù kẹta ọdún 1955, nígbà tí píkọ́ọ̀pù tuntun rọ́pò Advance Design, ẹni tí ó bá fẹ́ V8 lè rà á pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni 283 dé ní ọdún 1957, 327 ní ọdún 1962, àti 350 ní ọdún 1967. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún ìtàn yìí ni pé wọ́n jọ ara wọn lóde. Ẹni tí ó bá ti kọ́ bí a ti ń gbé 265 sínú ọkọ̀ kan ti kọ́ bí a ti ń gbé 350 sínú rẹ̀. Ọgbà àlòkù kún fún wọn, owó wọn kò sì ga.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà nínú ìpààrọ̀ náà: iná ọkọ̀ ní láti kúrò ní fóòtì 6 sí 12, ọ̀pá tí ń yí táyà ẹ̀yìn, tí ó wà nínú páìpù ńlá lára ọkọ̀ onípò kékeré títí di ọdún 1954, sì ní láti yí padà bí gíábọ́ọ̀sì bá yí padà. Iṣẹ́ wọ̀nyí gba owó àti àkókò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojútùú kan pàtó. Ọ̀rọ̀ èéfín kò ní.

Ìdí rẹ̀ ni pé V8 ya sí méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà sí òsì, èkejì nà sí ọ̀tún, ihò èéfín sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta lápá méjèèjì. Ní ọ̀tún, ohun tí ó wà nítòsí kò ju mọ́tò tí ń jí ẹ́ńjìnnì lọ. Bí páìpù bá sún mọ́ ọn jù, ooru yóò mú un, kò sì ní fẹ́ yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ní òsì, ojú àpótí sitiarín gan-an ni páìpù bọ́ sí.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti wo ètò ìjó iná ẹ́ńjìnnì náà. Bí sìlíńdà ṣe ń jó tẹ̀ léra wọn ni 1, 8, 4, 3, 6, 5, 7, 2. Nọ́ńbà 1, 3, 5 àti 7 ni ó wà ní òsì. Bẹ́ẹ̀ ni 5 àti 7, tí wọ́n fara kan ara wọn lẹ́yìn, ń tú èéfín jáde ní kíákíá lẹ́yìn ara wọn. Àwọn méjì yìí ni wọ́n nílò páìpù gígùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pá sitiarín ń gbà kọjá. Ibi tí hẹ́dà ti lè wúlò jù ni kò ti rí àyè. Àwọn tí ń ṣe hẹ́dà a máa gé páìpù méjì yìí kúrú, wọn a tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdọ́gba gígùn, tí ó jẹ́ ìdí tí hẹ́dà fi wà, yóò fi sọnù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Wọn a gbé ẹ́ńjìnnì sí ipò rẹ̀, wọn a fi bóòtì de àwo irin mọ́ ọn, wọn a gé páìpù ní ẹyọ ẹyọ, wọn a sì fi iná wẹ́dà kàn án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí ọ̀nà gbà kọjá. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tú u, tí wọn yóò sì jó o tán. Alágbàṣe tí ó mọ iṣẹ́ a de àwo náà mọ́ orí ẹ́ńjìnnì àlòkù kan kí ó tó jó o, nítorí pé ooru wẹ́dà ń ká irin kò. Àwo tí ó bá ti ká kò, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tí yóò dí i. Ó tún ku ìdánwò kan. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí. Bí awakọ̀ bá tẹ epo lójijì, apá òsì ẹ́ńjìnnì ni ó ń gbé ara sókè. Àyè tí ó tó nígbà tí ọkọ̀ dúró lè má tó nígbà tí ó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ìgbérasókè yìí kì í ṣe ohun kékeré: ní ìparí ọdún 1971, General Motors pe Chevrolet bíi mílíọ̀nù 6.7 padà nítorí rọ́bà ìdúró ẹ́ńjìnnì tí ó lè já.

Ọ̀pọ̀ kò dá ara wọn lóró bẹ́ẹ̀. Chevrolet ti dà mánífóòlù kan fún àwọn V8 rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí ẹ̀wádún 1950, tí ó kó èéfín sìlíńdà mẹ́rin jọ sí àárín, tí ó sì dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀ lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Ìwo àgbò ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, nítorí bí ó ṣe tẹ̀. Kò gba àyè. Àwọn kan ń sún ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí ọ̀tún kí ó lè bọ́ sípò, ó sì tán. Bí a bá wo ìwúlò rẹ̀ lára ọkọ̀ tí ó ń ru ẹrù, ó ṣòro láti sọ pé hẹ́dà kúkúrú tí a ti tẹ̀ kúrò ní ìrísí rẹ̀ sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, hẹ́dà ni àwọn ènìyàn ń rà.

Láti ọwọ́ alágbàṣe sí orí àtẹ

Ìdí tí wọ́n fi ń rà á wà nínú ọjà. Láti oṣù kìíní ọdún 1948 ni ìwé ìròyìn Hot Rod ti ń jáde láti ọwọ́ Robert Petersen. Ní ọdún 1954 ni ilé-iṣẹ́ Hedman bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hẹ́dà tà. Ní ọdún 1957, ọkọ̀ tí Sam Hanks fi gba ipò kìíní ní Indianapolis ń jẹ́ Belond Exhaust Special: orúkọ ẹni tí ń ṣe páìpù èéfín ni ó wà lára ọkọ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò. Nígbà tí ó fi di ọdún 1963, àwọn tí ń ṣe irú ohun èlò wọ̀nyí ti pọ̀ tó láti dá ẹgbẹ́ tiwọn, SEMA, sílẹ̀. Ohun tí ó ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ di ohun tí ó wà nínú páálí. Àmọ́ ọkọ̀ tí ó pọ̀ lóde ni oníṣòwò ń ṣe páálí fún. Píkọ́ọ̀pù ọdún 1950 kò sí lára wọn fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó bá ra hẹ́dà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún un yóò tún mú ayùn.

Ohun tí ó wá tú àyè sílẹ̀ kì í ṣe páìpù rárá. Láàrin ọdún 1974 sí 1978, Ford ṣe ọkọ̀ kékeré kan, Mustang II, tí sitiarín rẹ̀ wà níwájú, tí ó sì pẹlẹbẹ. Àwọn tí ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí sábẹ́ Chevrolet. Àpótí sitiarín àtijọ́ kúrò lọ́nà, hẹ́dà sì rí ibi nà sí. Ṣùgbọ́n Chevrolet tí a ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀, sitiarín rẹ̀ àti ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ Ford sì wà lábẹ́ rẹ̀, èwo nínú rẹ̀ ni ó kù? Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Òfin

Ní ìlú kan náà tí hẹ́dà ti gbilẹ̀, Los Angeles, ni Arie Haagen-Smit ti fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1950 pé èéfín ọkọ̀ wà lára ohun tí oòrùn ń sọ di kùrukùru tí ń ta ojú àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1967 ni Kalifọ́níà fi òfin dá Air Resources Board sílẹ̀, Haagen-Smit náà ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀. Òfin Clean Air Act ti ọdún 1970 tẹ̀ lé e; láti ọkọ̀ ọdún 1975 sì ni ẹ̀rọ tí ń wẹ èéfín mọ́ ti wọ́pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Hẹ́dà a máa mú kí èéfín yára jáde. Kì í wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní Kalifọ́níà, hẹ́dà tí kò bá ní nọ́ńbà àṣẹ Air Resources Board kò lè wọ ọkọ̀ tí òfin náà mú.

Àyẹ̀wò èéfín tí Kalifọ́níà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984 kò mú ọkọ̀ epo pẹtiróòlù ti ọdún 1975 àti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ́ báyìí. Kò yẹ kí a fojú fo èyí dá. Ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í ṣe ìfẹ́ ìrísí rẹ̀ nìkan. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ṣì lè fi ẹ́ńjìnnì àti páìpù tí ó wù ú sí, láìsí pé ẹnikẹ́ni yóò fi ẹ̀rọ sí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ Los Angeles ń san díẹ̀ nínú owó òmìnira náà.

Láti ọdún 1999 ni General Motors ti ń fi ìran V8 mìíràn sínú píkọ́ọ̀pù, ìran tí ó kọ́kọ́ yọjú nínú Corvette ọdún 1997. Ètò ìjó iná rẹ̀ yí padà sí 1, 8, 7, 2, 6, 5, 4, 3, tó bẹ́ẹ̀ tí 5 àti 7 kò fi tẹ̀ léra wọn mọ́. Èyí tí ó jẹ́ lítà 5.3 ni àwọn tí ń ṣe ìpààrọ̀ ń wá kiri jù ní ọgbà àlòkù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi mánífóòlù ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Nínú Chevrolet ọdún 1950 tí sitiarín rẹ̀ ṣì wà ní ipò àtijọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti jókòó kò tíì yí padà: wọn a na ọwọ́ sí apá òsì, wọn a sì wò bóyá ìka lè kọjá láàrin irin èéfín àti àpótí sitiarín.