Èèpo Ọ̀gànwó: Ìtàn Igi àti Ìṣègùn láti Òkè-Ọdẹ

Òkè-Ọdẹ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Agbègbè ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn ni ó wà. Igi igbó àti igi ọ̀dàn ni àwọn oníṣègùn irú agbègbè bẹ́ẹ̀ sì ń lò. Nínú àwọn igi tí ìṣègùn Yorùbá gbára lé, mẹ́ta ni ìtàn wọn yẹ fún àgbéyẹ̀wò: ọ̀gànwó, apá àti osùn.

Èèpo ọ̀gànwó korò púpọ̀, a sì ń sè é ní àgbo fún ibà. Inú igi osùn pupa. Òun ni a ń lọ̀ láti fi kun ara ìkókó àti ìyàwó. Ní ti apá, ìgbàgbọ́ pé àjẹ́ a máa fi í ṣe ibùjókòó kò jẹ́ kí ènìyàn yá sí àtigé e. Ìbẹ̀rù yìí ṣe iṣẹ́ òfin fún igi náà.

Bí a bá bó èèpo yí igi ká, oúnjẹ tí ewé ń pèsè kò ní dé gbòǹgbò mọ́. Igi náà yóò kú lórí ìdúró. Bí ó bá ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ni a bẹ́, ọgbẹ́ náà lè jinná. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ilẹ̀ Áfíríkà, ìhà ìlà-oòrùn àti ìhà ìwọ̀-oòrùn nìkan ni àwọn àgbà oníṣègùn í bẹ́ lára igi.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kamẹrúùnù fi ọgbọ́n yìí hàn. Ní 1972 ni ilé-iṣẹ́ Plantecam bẹ̀rẹ̀ sí ra èèpo Prunus africana níbẹ̀, fún oògùn ìtọ̀ àwọn àgbà ọkùnrin ní Yúróòpù. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí a pín ara igi sí ọ̀nà mẹ́rin, kí a bẹ́ méjì tí ó dojú kọ ara wọn, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn 1985, nígbà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò mìíràn gba ìwé àṣẹ, àwọn kan bó igi láti ìdí dé òkè, wọ́n sì gé òmíràn lulẹ̀. Nígbà tí ó di 1994, igi náà wọ abẹ́ àdéhùn CITES tí ń ṣọ́ òwò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì.

Nàìjíríà ti wọ inú àdéhùn yìí láti 1974. Ní ìpàdé Pánámà ní 2022 ni ọ̀gànwó, apá àti osùn ilẹ̀ Áfíríkà bọ́ sábẹ́ ààbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹdú, pákó àti irú wọn ni òfin náà dárúkọ fún ọ̀gànwó; kò dárúkọ èèpo. Bẹ́ẹ̀ ni kò kan òwò inú ilé, ìbáà ṣe igi lílà tàbí èédú.

Nítorí náà, àdéhùn yìí kò kan ọ̀bẹ tí ó wà ní ìdí ọ̀gànwó ní oko Òkè-Ọdẹ; ìwà ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Ọ̀gànwó kì í yára dàgbà. Ẹni tí ó bá gbìn ín lónìí, ọmọ rẹ̀ ni yóò bẹ́ èèpo rẹ̀. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí igi bá tán, orúkọ oògùn nìkan ni yóò kù lẹ́nu oníṣègùn.